Ibi Tó Ń Dún Níwájú Gọ́ọ̀lù Ìlà-Oòrùn

Ní orúkọ Ọlọ́run tó dá ilẹ̀, tó sì mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Èmi Bujemaa, ọmọ Kouider, ọmọ Barka, agbẹ́kànga ìlú Tamelhat, ẹni tó dá Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Tamelhat sílẹ̀, tó sì jẹ́ alága rẹ̀ kí wọ́n tó nawọ́ dìbò yọ ọ́, ni mò ń kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ojú mi ṣì ń rí ẹyẹ lórí òkè mọ́sálásí. Kílàásì méjì péré ni mo ṣe nílé-ìwé àwọn Faransé, síbẹ̀ ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀. Bí lẹ́tà kan bá wọ́, kí ẹni tó ń kà á bá mi tọ́ ọ.

Lèmọ́mù Hammou, ẹ̀yin ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ. Ẹ má dúró de ikú mi. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀la, kí ẹnikẹ́ni tó wọ bàtà, ẹ kà á sókè. Bí Bujemaa bá ń sọ̀rọ̀, wọn a máa rẹ́rìn-ín. Ní Tamelhat, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín sí ìwé ìhágún.

1. Ilé mi, ọgbà dàbínù mi àti ìpín omi mi: kí ọmọ mi Mebrouka gba ohun tí òfin Ọlọ́run pín fún un, kí èyí tó kù kan Slimane, ọmọ Tayeb àbúrò mi, tí í ṣe alága ẹgbẹ́ lónìí. N kò yọ ẹnikẹ́ni, àní ẹni tó yọ mí. Igbá ìmumi kan ni baba mi fi sílẹ̀ fún mi. Gbogbo ohun tí ẹ ó pín yìí, apá mi ló kó o jọ.

2. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mi ni mo fi fún Zohra, ọmọ Laredj, tí ọgbà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Mo fẹ́ fi í ṣe aya nígbà èwe wa. Baba rẹ̀ ní òun ò lè fi ọmọ fún ẹni tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀ bí eku. Baba náà ti wà lábẹ́ ilẹ̀ báyìí, èmi ni mo gbẹ́ ibojì rẹ̀, mo sì gbẹ́ ẹ dáadáa. Zohra, má lu ẹran náà bó bá kọ̀ láti gba àárín pápá kọjá. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

3. Pápá kì í ṣe tèmi láti fi há ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ìtàn rẹ̀, mo sì fi í há gbogbo ìlú. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé kó ẹrù wọn lọ, a fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, a ò rí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Itẹ́ òkú wà lápá kan, ọgbà wà lápá kejì. Àárín wọn nìkan ló ṣẹ́ kù, níbi tí fógárà wa àtijọ́ gbà kọjá, ọ̀nà omi tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀. Ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n kànga rẹ̀ kan la ẹnu sílẹ̀ gẹ́lẹ́ níwájú ibi tí gọ́ọ̀lù ìlà-oòrùn máa wà. Bí o bá ju òkúta sínú rẹ̀, wàá ti gbàgbé òkúta náà kó tó dún.

Èmi àti Tayeb fi ìtì igi dàbínù dé e, a kó amọ̀ lé e, a kó iyanrìn lé amọ̀. A ò sọ fún ẹnì kankan, torí àwọn ará Ksar Ourir tá a jọ ń díje ì bá sáré lọ sọ fún àjọ líìgì pé orí kànga là ń gbá bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ náà dára. Kò sí agbẹ́kànga mìíràn láti ibí dé Adrar tó lè ṣe é. Orí rẹ̀ la ti na Ksar Ourir ní ànátúnnà, orí rẹ̀ la ti gba ife-ẹ̀yẹ ìpínlẹ̀.

4. Àṣà àwọn asọ́lé wa. Kí ẹ gbọ́ ibi tó ti wá, torí kò sẹ́lòmíràn láyé tó mọ̀ ọ́n mọ́. Tayeb ni asọ́lé àkọ́kọ́. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, á fi gìgísẹ̀ lu ibẹ̀, á tẹ́tí. Bó bá dún bí ẹni lu àpò iyanrìn, ìtì ṣì le nìyẹn. Nígbà tí Tayeb kú, asọ́lé tó tẹ̀lé e rò pé oríire ló fi ń wá, lòun náà bá ń lù ú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bọ́ sọ́wọ́ Aissa tòní. Wọ́n ń lù ú, wọn kì í tẹ́tí. Èrò ìwòran ló ń tẹ́tí. Bó bá sì dún sókè, wọn á hó yèè.

Ìtì dàbínù gbígbẹ kì í ṣe nǹkan kan. Èyí tó bá ń mu omi, jíjẹrà ni. Látìgbà tí Slimane ti fa omi ẹ̀rọ wá, tí wọ́n ń rin pápá kí eruku má baà sọ, ibẹ̀ ti ń dún bí ìkòkò òfìfo. Wọ́n ní oríire wa ti pọ̀ sí i.

Mo sọ ọ́ nípàdé. Slimane dìde, ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ò rí nǹkan! Ọjọ́ tá a yọ Bàbá nípò alága náà ni ihò yọ sí pápá!” Ẹnì kan tún ké láti ẹ̀yìn pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé e lọ síwájú gọ́ọ̀lù Ksar Ourir!” Ìyẹn pa èmi náà lẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Mo gbé dígà lọ láti lọ ṣí i fúnra mi. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu géètì. “Ẹ jẹ́ kálejò àjọ̀dún lọ tán ná, Bàbá.”

Ọ̀la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ni àjọ̀dún àádọ́ta ọdún ẹgbẹ́. Slimane ti kéde pé kì í ṣe asọ́lé nìkan ló máa lu ibẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ rí, lọ́mọdé lágbà, ni yóò kóra jọ síbẹ̀, tí wọn yóò fi ẹsẹ̀ lù ú lẹ́ẹ̀kan náà.

5. Ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní mi, èyí tí òfin fún mi láṣẹ lé lórí, ni kí ẹ fi ṣí ẹnu kànga náà, kí ẹ fi òkúta mọ ọ́n pa. Kí ẹ kọ orúkọ Tayeb sára òkúta náà. Kí ẹ kọ tèmi sókè tirẹ̀, èmi lẹ̀gbọ́n.

6. Okùn tí mo fi ń wọ kànga, tí mo fi irun ràkúnmí hun, ni mo fi fún Aissa asọ́lé, torí ohun tó bá dì mú kì í bọ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà. Mo fi òróró pa á láàárọ̀ yìí. Mebrouka bi mí pé, “Bàbá, kànga wo lẹ tún fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ orí yìí?” Mo ní ogún ni, ta ló ń fi okùn gbígbẹ há èèyàn? Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé tíì wá fún mi.

7. Àga mi, tí mo máa ń jókòó lé létí pápá, tí wọ́n jù sẹ́yìn ilé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n yọ mí. Èyí ni n kò fún ẹnikẹ́ni. Mo ń gbé e lọ. Ẹ wẹ̀yìn, ẹ ó rí i pé àyè mi ṣófo nínú mọ́sálásí. Orí kànga náà, níwájú gọ́ọ̀lù ìlà-oòrùn, ni mo wà, mo jókòó lé àga náà. Slimane, ẹnu rẹ mú, ṣùgbọ́n ilé rere la ti tọ́ ọ. O ò ní gbé ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n baba rẹ jókòó lé.

Kí ẹnikẹ́ni má sáré. Kí èrò má wọ pápá. Kí Aissa nìkan mú okùn wá, kó rọra máa tẹ ilẹ̀, kó dúró lẹ́yìn ìlà gọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá bá mi lórí àga, ẹ so mí mọ́ okùn, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ ò bá rí àga, ẹ ti mọ ibi tí ihò náà wà.

Mo fọwọ́ sí i, mo sì tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn:
Bujemaa ọmọ Kouider
Tamelhat, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá, ọdún 2013

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Moussa, Ládàánì mọ́sálásí wa
Aissa, asọ́lé. Kò kà á; ó ń kánjú lọ múra sílẹ̀ fún ọ̀la.