Bàbá Mi, Ẹ Má Tìtorí Iṣẹ́ Mi Pa Oògùn Yín Tì

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Rùkáyátù ọmọ yín tó wà n'Íbà l'Ékòó kúnlẹ̀ kí yín. Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n mi Mùdá, ẹ kú ojúṣe àgbà. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ, mo kí gbogbo ará àdúgbò wa n'Ísẹ́yìn. Ara mi le, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àyà mi nìkan ni kò yéé já.

Bàbá mi, ẹ má bínú pé ojú gbogbo ayé ni mo ti kọ lẹ́tà yìí, tí mo gbé e sórí Fesibúùkù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa lè máa ṣẹlẹ̀ nílé ẹlòmíì, mo sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú ni Ẹ̀gbọ́n Mùdá pè mí. Wọ́n ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ti kó oògùn ìtọ̀ ṣúgà yín tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní ẹ ní kí lẹ tún ń lo oògùn òyìnbó fún, nígbà tí ọmọ yín ń fi oúnjẹ àti ìrìn wo àìsàn náà sàn l'Ékòó. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n rò pé inú mi máa dùn. Háà! Fóònù já bọ́ lọ́wọ́ mi. 

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ìdajì ni mo sọ fún yín nígbà náà.

Ẹ rántí pé Ọjà Àlàbá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù Màdámù tó ń ta ẹ̀rọ ìlọta àti sítóòfù onígáàsì. Èmi ni mò ń gun àkàbà gbé páálí sọ̀kalẹ̀ láti àárọ̀ títí a ó fi ti ṣọ́ọ̀bù. Lọ́dún kan, òùngbẹ kan dé bá mi. Mo lè mu omi inú ọ̀rá mẹ́wàá kí ọ̀sán tó pọ́n, màá sì máa sáré lọ sí ilé ìtọ̀ títí obìnrin tó ń gbowó níbẹ̀ fi ní kí n kúkú gbé ẹní mi wá. Mò ń rù, gbogbo aṣọ mi wá tóbi jù mí lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ìfẹ́ ló ń dà mí láàmú. Èmi rò pé oòrùn ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà lórí àkàbà, òòyì kọ́ mi, mo já bọ́ sáàárín àwọn páálí. Màdámù fúnra wọn ló gbé mi sáàárín àwọn àti ọlọ́kadà dé ọsibítù. Dókítà gún ìka mi, ó wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó tún un gún. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, àìsàn àgbà ni, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí. Ó bi mí bóyá ẹnì kan ní in nínú ẹbí wa. Ibẹ̀ ni mo ti rántí yín. Láti kékeré ni mo ti ń rí yín tí ẹ ń gbé oògùn mì lẹ́yìn oúnjẹ, mi ò bi yín lọ́jọ́ kan rí pé kí lẹ ń lò ó fún.

Màdámù fara dà á fún mi fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tó bẹ̀ mí pé àwọn ní láti gba ẹlòmíì tó lè gun àkàbà. Mi ò bínú. Àkókò òjò ni, omi gba gbogbo ojú ọ̀nà Òkókómáíkò. Èmi nìkan jókòó sínú yàrá mi, mò ń rò ó pé ọdún mélòó ló kù fún mi. Bí ẹ bá pè, màá ní ọjà ń tà.

Nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù náà ló fà mí jáde. Ṣọ́jà ni ọkọ wọn, inú bárékè Ọ̀jọ́ ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ní oògùn ni ẹsẹ̀ kan, oúnjẹ àti ìrìn ni ẹsẹ̀ kejì, pé kò sí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kan rìn jìnnà. Wọ́n kọ́ mi bí ẹ̀fọ́ ṣe máa gba ìdajì abọ́ tí ẹ̀bà á sì kéré sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láràárọ̀ láti Ìbà lọ sí Òkókómáíkò. Kó tó pé oṣù méjì, obìnrin mẹ́rin ti ń bá mi rìn. Ọ̀kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀kan kì í rí oorun sùn, àwọn méjì yòókù kàn fẹ́ kí ikùn àwọn wọlé.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ara fún oṣù mẹ́fà. Mo wá ń lọ sílé àwọn èèyàn, mò ń kọ́ wọn ní oúnjẹ sísè, ìrìn, ìsinmi, àti bí èèyàn ṣe ń sọ ìrònú kalẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu, Bàbá mi, pé èèyàn lè sanwó fún mi kí n wá sọ fún un pé kó lọ sùn! Àìsàn tó lé mi kúrò l'Álàbá ló fún mi níṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ nìyí. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí Wáàsápù, ó ní Àǹtí Rùká ti wo ìtọ̀ ṣúgà òun sàn láìlo oògùn kankan. Obìnrin yìí ò ní ìtọ̀ ṣúgà rí. Dókítà kàn kìlọ̀ fún un pé ó ń sún mọ́ ọn ni. Ohùn náà tàn ká Ìbà, ó wọ inú bárékè. Mo gbọ́ ọ, mi ò sì tún un ṣe, torí pé láti ọjọ́ náà ni fóònù mi ò ti sinmi.

Ìyá Sèmíù wà lára àwọn tó gbọ́ ọ tí wọ́n wá. Opó ni wọ́n, ọṣẹ ni wọ́n ń tà nítòsí ibùdókọ̀. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo oògùn wọn, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, ọmọbìnrin wọn sáré wá pè mí. Ìyá ń mí hẹlẹhẹlẹ, èémí ẹnu wọn ń rùn bí èso tó ti ń bàjẹ́, wọn ò dá mi mọ̀. Nígbà tí a gbé wọn dé ọsibítù, dókítà bi mí pé ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n dá oògùn dúró. Mo ní rárá. Ọmọ wọn wo ojú mi.

Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní ṣebí èmi náà kì í lò ó mọ́. Wọ́n ní àwọn ti bá mi jẹun lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ò rí i kí n gbé nǹkan kan mì.  Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ilé ìwẹ̀ ni mo máa ń wọ̀ lọ lo oògùn mi, torí ojú ń tì mí kí wọ́n rí i lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ wọn ní ìlera.

Ìyá Sèmíù ti padà sídìí ọṣẹ wọn. Èmi gba ohùn tèmi náà sílẹ̀, mo ní mi ò wo ìtọ̀ ṣúgà ẹnikẹ́ni sàn rí, tèmi gan-an ṣì wà lára mi, ojoojúmọ́ ni mo sì ń lo oògùn. Oníbàárà dín kù. Bàbá kan bínú, wọ́n ní bó bá jẹ́ ọsibítù ni mo máa darí àwọn sí, kí làwọn ń wá lọ́dọ̀ mi.  Èsì mi nìyí: dókítà ò lè wá máa bá yín rìn láràárọ̀, èmi lè wá.

Mo rò pé ohùn tèmi máa tàn bíi ti obìnrin yẹn. Kò dé Ìsẹ́yìn. Irọ́ nìkan ló dé ọ̀dọ̀ yín.

Ní kété tí Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ tán ni mo pe ìyá mi, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé oògùn fún yín. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n pè mí padà. Wọ́n ní oògùn wà lórí tábìlì, ẹ jókòó tì í, ẹ ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ẹ ní àfi bí Rùká bá wá gbé tiẹ̀ mì níṣojú yín, nítorí ẹ ò gbà pé ó ṣì ń lò ó.

Bàbá mi, mo ti wà ní gáréèjì bí mo ṣe ń parí lẹ́tà yìí. Mo dà á kọ síbí torí pé ẹlòmíì lè wà nídìí irú tábìlì bẹ́ẹ̀, tí ò lọ́mọ tó ń bọ̀. Ẹ bá mi sọ fún ìyá mi kí wọ́n bu omi sí ife méjì.

Ọlọ́run á jẹ́ kí n bá yín ní àlàáfíà. Ẹ ò ní fi àìsàn lo ìgbẹ̀yìn ayé yín, ẹ ó jèrè gbogbo wa. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé wa, kí wọ́n gbọ́ pé mò ń bọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Rùkáyátù