Òdòdó Tí Ìyá Pè Ní Àfòmọ́

Kẹ́mta, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Ọ̀wàrà, 1858

Inú bí mi láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó ti tán.

Kí n tó ti odò dé, ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti oko wá kí wa, ti fi àdá ha ara igi òroǹbó ẹ̀yìnkùlé mi mọ́. Òdòdó igbó tí mo so mọ́ igi náà láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí mo ń wọ́n omi sí bí ẹni ń tọ́ ọmọ, ti wà lórí ààtàn. Àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná, Olúwa mi!

"Ìyàwó mi, àfòmọ́ ni. Ìbá pa igi rẹ."

Ẹni tó ní oko obì kì í fojú ire wo àfòmọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá," mo sì lọ ṣà á. Ewé kan ti ya. Mo fi gbòǹgbò rẹ̀ hàn wọ́n, pé èèpo igi ló kàn dì mú, kò mu oje rẹ̀. Mo so ó mọ́ pátákó kan, mo gbé e kọ́ abẹ́ ìgbátí òrùlé.

Bí oòrùn ti wọ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Àfòpiná kan ń fò yí i ká.

"Kí ló ń ta sánsán báyìí?" ni Ìyá bèèrè. Mo nawọ́ sí i. Wọ́n wò ó títí.

Nígbà tí mo padà jáde láti gbé e wọlé nítorí ewúrẹ́, n kò bá a mọ́. Àṣé ẹnu ọ̀nà yàrá Ìyá ló wà, wọ́n ti gbé e kọ́ sókè dáadáa. Omi ṣì ń kán lára rẹ̀.