Tẹlifíṣọ̀n Tí A Pa Ohùn Rẹ̀

                                        Ilé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Larch,
                                        Nelson,
                                        Lancashire.
                                        Ọjọ́ kẹtàlélógún, Oṣù Kejì, 1964.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Muriel,

Ẹ má bínú sí ìkọ̀wé mi yìí. Ẹ mọ̀ pé n kò pẹ́ nílé ìwé. Bí ẹ bá rí lẹ́tà kan tó wó lu èkejì, ẹ bá mi fi sùúrù gbé e dìde. Ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu mi, ká má tíì wá sọ ti ojú ìwé.

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé ara yín le? Bọ̀dá Clifford ńkọ́, ṣé wọ́n ti rí iṣẹ́ tó tẹ́ wọn lọ́rùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé oòrùn ibẹ̀ kò tíì sọ wọ́n di ẹni tí a kò ní dá mọ̀ mọ́? Ó ṣòro fún mi láti gbà pé ooru ń mú yín ní Adelaide nígbà tí omi ń dì nínú garawa wa níhìn-ín. Mo rí àwòrán ilé tuntun yín gbà. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ kí tí mo bá jí.

Oṣù mẹ́rin ti pé báyìí tí a ti ṣègbéyàwó. Wilf ń tọ́jú mi dáadáa. Ojú ṣì ń tì mí láti pe orúkọ rẹ̀ níwájú èèyàn, ó sì ti sọ ọ́ di ohun tó fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ la ṣì ń gbé, ọ̀rọ̀ wọn ni mo sì fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ mọ Màmá Annis Entwistle. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan náà lẹ jọ wà kí ẹ tó wọkọ̀ ojú omi lọ. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni wọ́n fi dúró láàárín àwọn ẹ̀rọ yẹn, ariwo rẹ̀ sì ti jẹ etí wọn tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ àwa tí a ti bá ẹ̀rọ hunṣọ rí: ètè la fi ń sọ̀rọ̀, ojú la fi ń gbọ́. Lọ́jọ́ tí Wilf kọ́kọ́ mú mi wá hàn wọ́n, ìtìjú kò jẹ́ kí ohùn mi jáde, mo kàn ń mi ètè bí ẹja. Kò yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n rí gbogbo ohun tí mo sọ. Wọ́n ní ọmọ dáadáa nìyí, kì í pariwo, kí Wilf má jẹ́ kó bọ́.

Lọ́jọ́ Kérésìmesì, Wilf gbé tẹlifíṣọ̀n wálé kí ìyá rẹ̀ má bàa máa dá jókòó. Bó bá wà nílé, á gbé ohùn rẹ̀ sókè títí ilé á fi máa mì. Bó bá ti jáde, èmi àti Màmá á pa ohùn náà, à á jókòó síwájú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mọ ohun tí àwọn èèyàn inú tẹlifíṣọ̀n máa ń sọ nígbà tí wọ́n rò pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́ àwọn. Màmá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lánàá tó jẹ́ Sátidé, Wilf lọ wo bọ́ọ̀lù, Màmá Pickup tí wọ́n ń gbé nílé kejì sì gbé ife tiwọn wá bí ìṣe wọn. Eré ẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde. Bàbá kan tó dé fìlà gíga dúró ti ẹṣin rẹ̀, ó ń sọ nǹkan sétí ẹni tó máa gùn ún. Màmá ní ó ń sọ pé ẹsẹ̀ ń dun ẹṣin náà, kó má lé e sáré jù. Òun ló sì gbẹ̀yìn. Nígbà tó di aago mẹ́rin, àwọn oníjàkadì bọ́ síta, àwọn ọkùnrin méjì tí ikùn wọn tó àgbá. Màmá Pickup ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá itan ara wọn, wọ́n ń sọ pé kí èyí tó wà lókè ṣẹ́ èkejì lápá.

"Jókòó jẹ́jẹ́, Martha," ni Màmá wí. "Èyí tó wà nísàlẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, òun máa lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Èyí tó wà lókè ní òun ti gbọ́, kó ṣáà máa ké."

"Irọ́ ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà?" ni Màmá Pickup béèrè.

"Kì í ṣe irọ́. Wọ́n jọ ṣàdéhùn ni."

Màmá Pickup rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí wọn láṣọ. Màmá náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, ẹ̀rín náà sì yí padà lójú wọn. Màmá Pickup gbójú kọjá orí wọn wò mí, èmi náà wo ilẹ̀.

Ohun tí mo ń fi pamọ́ rèé. Dókítà wá lọ́jọ́ Túsìdeè. Kò sí ohun tí wọ́n ń gbé jáde lásìkò yẹn, nítorí náà a ti pa tẹlifíṣọ̀n, Màmá sì jókòó síwájú rẹ̀ bí ìṣe wọn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ hunṣọ ni Wilf, ó mọ̀ pé wọ́n máa rí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu dókítà, ló bá fà á sẹ́yìn àga wọn. Ẹ̀yìn àga náà ni dókítà ti sọ fún àwa méjèèjì pé àìsàn inú ikùn Màmá ti tàn kọjá ibi tí ọ̀bẹ lè dé, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù fún wọn. Wilf mú mi búra pé n kò ní jẹ́ kí ìyá òun mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ti àná. Màmá Pickup lọ dáná fún ọkọ wọn. Ọkùnrin tó ń ka iye góòlù jókòó sójú tẹlifíṣọ̀n, Màmá sì sọ fún mi pé wọ́n ti na ẹgbẹ́ tí Wilf lọ wò. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi bèbí onígi hàn àwọn ọmọdé, Màmá ní kí n pa á, ojú ti ń ro àwọn. Mo pa á, mo tan iná, mo lọ po tíì. Bí mo ṣe gbé e dé ẹ̀yìn àga wọn ni mo rí bí ọrùn wọn ṣe tín-ín-rín, omijé sì bọ́ lójú mi.

"Má jẹ́ kí ó kán sínú tíì mi," ni wọ́n wí, láìyíjú padà. "Ṣúgà ni mo ní kí o fi sí i."

Wọ́n na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. Nínú gíláàsì rẹ̀ tó dúdú, mo rí iná, mo rí àga, mo rí ara mi pẹ̀lú ife lọ́wọ́ àti ẹnu mi tó ń gbọ̀n, gbogbo rẹ̀ kéré, ó sì mọ́ kedere bíi fọ́tò.

"Mo rí dókítà yẹn náà," ni Màmá wí. "Wilf ń fà á lọ sẹ́yìn bí ẹni ń fa àgùntàn. Mo rí gbogbo ohun tó sọ àfi ibì kan. Irunmú rẹ̀ bò ó létè nígbà tó dé orí iye ọ̀sẹ̀. Mélòó ló pè é, Enid?"

Ẹ̀gbọ́n mi, mo rántí ìbúra mi. Mo sì tún mọ̀ pé bí mo bá ní n kò mọ̀, wọ́n á ti rí irọ́ náà lẹ́nu mi kí n tó pa á tán. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn kí wọ́n lè rí mi dáadáa. N kò jẹ́ kí ohùn jáde. Ètè nìkan ni mo fi sọ ọ́, pé mẹ́fà ni.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Láti ọjọ́ Túsìdeè ni mo ti ń gbé mẹ́ta kiri lọ́kàn."

Wọ́n gba tíì náà, wọ́n sì mu ún tán. Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀, àwọn fúnra àwọn ló máa sọ fún Wilf, nítorí ọmọ náà ò mọ irọ́ pa. Láti ọjọ́ Túsìdeè ló ti ń fọ abọ́, ẹni tí kò fọ ṣíbí rí. Àmọ́ kò ní jẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, nítorí wọ́n ti na ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn kò fẹ́ fi òfò méjì kò ó lójú lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí Wilf dé, ó gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Aláwàdà kan ń ṣubú lórí àkàbà, Wilf sì ń rẹ́rìn-ín ju bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tó lọ. Mo yíjú wo Màmá. Wọn kò wo tẹlifíṣọ̀n mọ́. Wilf ni wọ́n ń wò.

Lónìí, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, nígbà tí orin ìsìn bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, Màmá fi ètè sọ fún mi pé kí n lọ sókè, kí n lọ kọ lẹ́tà sí yín, kí àwọn lè bá Wilf sọ ọ́. Ìdí tí mo fi wà níhìn-ín nìyẹn, tí aṣọ òtútù wà léjìká mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé Wilf máa mọ̀ pé èmi ni mo da ìbúra náà. A ò tíì jà rí. N kò mọ bó ṣe máa ń rí bí inú bá bí i. Síbẹ̀ mo ń retí pé á yé e. Mo tilẹ̀ ń retí pé dókítà náà ṣìṣe. Wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rí, tó sì tún rí òjò dídì ọdún kejì.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí wọn, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ òfuurufú ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ti ọkọ̀ ojú omi. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Clifford, kí ẹ sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Ẹ sọ fún wọn pé Àǹtí Enid kò gbàgbé wọn.

Wọ́n ti pa tẹlifíṣọ̀n nísàlẹ̀. Orin ìsìn náà kò tíì parí. N kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ṣe rí, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá wúwo, ètè ni ìyá àti ọmọ yẹn fi máa ń sọ ọ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Nǹkan bọ́ sílẹ̀, bíi ṣíbí. Ẹnì kan ń sunkún, ọkùnrin ni.

Wilf ń pè mí. Ó ní, "Enid, máa bọ̀ níbí, Màmá ní kí o wá jókòó láàárín wa." Kò dún bí ẹni tí inú ń bí. Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí n lè...