Ikùn Mi àti Oúnjẹ Ìyá Múfú

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ràfíù àbúrò mi, ìwọ tí ò ń ka lẹ́tà yìí sí Màmá létí, mo kí ọ. Kà á dáadáa, má fo ibì kankan. Mo gbà kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí jáde nítorí àwọn awakọ̀ bíi tèmi tí wọ́n ní ìyá nílé.

Òjò ò jẹ́ ká gbádùn ní Ajégúnlẹ̀ níbí. Mi ò wa tírélà lọ ọ̀nà jíjìn mọ́. Ṣọ́ọ̀bù wa ní Malu Road ni mo máa ń wà, mò ń bá àwọn awakọ̀ tún ọkọ̀ ṣe. Ariwo pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ àárò yín ń sọ mí gan-an.

Ràfíù ní ẹ̀ ń sunkún nítorí ọ̀rọ̀ ikùn mi. Ìtọ̀ tí kò já geere ló gbé mi dé ọsibítù. Níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo ilé ìtọ̀ ni wọ́n ti rí i pé iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gba inú ikùn lọ sí ẹsẹ̀ ti wú níbì kan, bí táyà ṣe máa ń wú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Awakọ̀ ni mí, mo ní kí wọ́n bá mi pààrọ̀ rẹ̀ kíá. Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ṣì kéré, pé ewu iṣẹ́ abẹ ju ewu rẹ̀ lọ báyìí. A ó máa wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún ni. Tó bá dàgbà dé ìwọ̀n kan, tàbí tó ń yára wú, wọ́n á tún un ṣe.

Nítorí náà, wọn ò pa mí tì o, Màmá. Wíwọ̀n yẹn gan-an ni ìtọ́jú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un wọ̀n ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì dàgbà sí i rárá. Mo ti jáwọ́ nínú sìgá, nítorí wọ́n ní ó ń mú un dàgbà. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ní mo ti di àáfà. Òrí tí ẹ fi ránṣẹ́ dé, ẹsẹ̀ ni mo fi ń pa. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá wálé, ẹ má wá ẹni tí yóò fi wọ́ mi níkùn, kó má baà bẹ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín.

Dókítà wá bi mí bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wa kú lójijì, tí ikùn àti ẹ̀yìn ń ro ó. Bàbá ni mo rí lójú mi. Wọ́n jẹun tán ní yàrá Ìyá Múfú, ìyàwó wọn kékeré, wọn ò tíì fọwọ́ tí wọ́n fi di ikùn mú, wọ́n ṣubú, ó parí. Gbogbo wa la sọ pé oúnjẹ Ìyá Múfú ló pa wọ́n. Ìyá Múfú kó ẹrù jáde tàwọn tọmọ wọn, kò sì sẹ́ni tó kí wọn mọ́ nínú wa. Dókítà ní òun ò lè búra lórí ẹni tí òun ò yẹ̀ wò, àmọ́ tí irú èyí bá bẹ́, bó ṣe ń pa èèyàn nìyẹn. Ó béèrè bóyá Bàbá ń mu sìgá. Ẹ̀yin náà mọ ìdáhùn.

Ó ní ó máa ń rìn nínú ẹbí, kí gbogbo ọmọkùnrin Bàbá lọ ṣe àyẹ̀wò. Ràfíù, ìwọ ni mò ń bá wí. Múfú náà ń kọ́? Ẹ̀jẹ̀ Bàbá kan náà ni, mo sì gbọ́ pé ó ń mu sìgá. Kò sẹ́ni tó ní nọ́ńbà rẹ̀ nínú wa, ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ ibi tó wà.

Màmá, mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín yìí wúwo. Kí Ọlọ́run fi ọdún púpọ̀ kún ọdún yín, kó má jẹ́ kí ẹ sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí Àǹtí Sìkírá, ẹ kí gbogbo ará àdúgbò. Ẹ bá mi kí Ìyá Múfú. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ, kí ẹ sì gba nọ́ńbà Múfú lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún yín, ẹ jẹ ẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Súlè