Sàlẹ́ńsà Tó Jóná Níwájú Ọ̀gá Wa

Ojúlé Kẹrin, Ìsàlẹ̀ Ọjà,
Ìlọrà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kejì, oṣù Bélú, 2024.

Joel, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Mínnà? Ìyàwó ńkọ́? Dámilọ́lá ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Ara màmá rẹ le níbí. Àná ni mo rí wọn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní iṣu tìẹ wà ní ìpamọ́. Bàrákátù ìyàwó mi kí ọ, ó ní o ò béèrè òun lórí fóònù mọ́.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ lẹ́tà láyé fóònù yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo kàn ń béèrè bóyá òjò rọ̀ ní Mínnà. Ẹnu mi ò gbà á sọ ni. Jọ̀ọ́, jókòó kó o tó kà á lọ.

Ọ̀kan nínú sàlẹ́ńsà méjì tí alùpùpù rẹ fi ń tú èéfín ti jóná. Ti apá ọ̀tún ni.

Nígbà Àjíǹde tó o fi alùpùpù onísílíńdà méjì yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, o ní sàlẹ́ńsà méjèèjì tó wà lára rẹ̀, tí wọ́n fi fọ́nrán kábọ́ọ̀nù hun, á pẹ́ ju irin lọ. Òótọ́ lo sọ. Òjò pa á, kò dípẹtà. Èrùpẹ̀ ọ̀nà Fìdítì bò ó, mo fi àkísà nù ún, ó tún ń dán. Àwọn ọlọ́kadà a máa fọwọ́ pa á, wọ́n á ní ta ló hun irin bí ẹní. Àfi ìgbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo dìde, ẹ́ńjìnnì ń húkọ́, kò lágbára. Mo bá tì í lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́, Bàbá Àbọ̀dé.

Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní èéfín ló dí ti ọ̀tún, ká tú u, ká gbé e sórí iná. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi àtìwọ náà nìyẹn: àìmọye sàlẹ́ńsà irin la ti fi imọ̀ ọ̀pẹ jó, tá a gbọn èéfín inú rẹ̀ dànù, tó padà ṣiṣẹ́ bíi tuntun. Èyí kì í ṣe irin. Gọ́ọ̀mù tó so ó pọ̀ yọ́, ó wú, ó sì ya. Nígbà tá a fi omi pa á, amọ̀ bọ́ sílẹ̀ láti inú rẹ̀. Agbọ́n ló kọ́lé síbẹ̀, Joel! Igi tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ì bá ti yọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, Ọ̀gá ò ṣí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Àwọn ọlọ́kadà ní ogbó ti dé, Ọ̀gá fúnra wọn sì gbà á gbọ́. Wọ́n gbé àpótí sípánà wọn fún mi, èyí tí èmi àtìwọ máa ń fi bẹntiróòlù fọ ohun inú rẹ̀ ní gbogbo Sátidé, wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ sí ọ dípò sàlẹ́ńsà. Mo sunkún bí ọmọdé. Bàbá tó fi iṣẹ́ lé wa lọ́wọ́!

Mo lè parí ọ̀rọ̀ síbí, kó o máa káàánú Ọ̀gá, kó o máa káàánú mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ò ń lọ, o fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, o ní, "Anwar, má jẹ́ kí nǹkan yìí rí iná o." Mo dúró ti iná yẹn, mo sì rántí. Oníbàárà mẹ́rin ló jókòó; mo ní ta ni mí tí màá dá Ọ̀gá lẹ́kun lójú èèyàn? Nígbà tó jó tán, wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ní, "Anwar, ṣé ìwọ náà ò mọ̀ ni?" Mo ní n kò mọ̀, sà.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Kì í ṣe ogbó Ọ̀gá ló jó o, ẹnu mi tó dákẹ́ ni. Tó o bá fẹ́ bínú, èmi ni kó o bínú sí. Lọ́la, tí mo bá ti kírun àárọ̀ tán, màá gbé àpótí yẹn lé orí, màá gbé e padà fún wọn, màá sì sọ òótọ́. Tí wọ́n bá gbá mi létí, ó tọ́ sí mi.

Bá mi kí ìyàwó, kí o sì gbé Dámilọ́lá jó fún mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún, kí Ọ̀gá lè mọ̀ pé a ṣì nílò wọn. Wá alùpùpù kan tó ń húkọ́ lóòótọ́ ní Mínnà níbẹ̀, má purọ́ o, irọ́ tèmi ti tó. Pe Ọ̀gá, gbé fóònù sẹ́bàá ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kó o wá bi wọ́n pé, "Ọ̀gá, kí ló ń ṣe é?"

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tó jẹ̀bi,
Anwar.