Orúkọ Mi Tí Ọ̀gá Kan Pa Rẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ohùn yín kò ní há. Ìyá àgbà ni mí. Kíláàsì àwọn àgbà ni mo ti kọ́ ìwé tí mo fi kọ lẹ́tà yìí.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ kọ ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Èmi ni mo bá wọn wá ọ̀rọ̀ Yorùbá inú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni lè mú un, kódà ó lè tà á, àmọ́ kò gbọdọ̀ yọ orúkọ àwa tí a ṣe é kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan mú un, ó ń tà á, ó sì pa orúkọ wa rẹ́. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ti tẹ orúkọ mi rí láyé!

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ètò náà dẹnu kọlẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ọ̀gá wá ń bẹ ọmọ ọmọ mi pé kó bá òun tún un ṣe. Mo ní kí ọ̀gá náà kọ́kọ́ fi bírò kọ orúkọ àwa mọ́kànlélógójì tí a ṣe é ní ìgbà ogún, bí tíṣà wa ṣe máa ń ní ká ṣe tí a bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ.

Ọmọ ọmọ mi ní, “Màmá, ẹ ti le jù! Ẹ jẹ́ kó kàn dá orúkọ yẹn padà.”

Mo ní, “Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Kó lọ ra bírò.”

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé mo le jù lóòótọ́? Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka orúkọ mi lórí afẹ́fẹ́. Ọ̀gá yẹn ni kó kọ́kọ́ kọ ọ́.