Ọmọrí Ṣímínì Tí Bàbá Bá Wa Yàn

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti DeSoto níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas. Ẹ bá mi bẹ Màámi kí wọ́n má bínú pé ẹ̀yin ni mo kọ lẹ́tà sí lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ òrùlé ló gbé e wá, ẹ̀yin lẹ sì ni ọ̀rọ̀ òrùlé. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kí àwọn ẹlòmíì lè kà á, nítorí ọpẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí mo lè dá ní kọ̀rọ̀.

Ẹ rántí ìgbà tí yìnyín bo ìlú yìí, tí iná mọ̀nàmọ́ná lọ láàárọ̀ kùtù. A ò sọ gbogbo rẹ̀ fún yín nígbà náà, kí àyà yín má baà já. Ààrò kan wà nínú ògiri pálọ̀ wa. Igi ni wọ́n ń dá sínú rẹ̀ láti yáná, èéfín á sì gba inú ihò gíga kan tí wọ́n ń pè ní ṣímínì jáde sórí òrùlé. A ò dáná sí i rí. Òtútù ọjọ́ yẹn ló lé wa débẹ̀. Igi ò tíì gbiná dáadáa tí èéfín fi yí padà sínú ilé. Tèmítọ́pẹ́, ọmọbìnrin wa, ń wúkọ́ débi pé kò lè mí. Mo gbé e, mo sáré bọ́ sórí yìnyín láì wọ bàtà.

Mísítà Kọ́tìsì, bàbá aláwọ̀ dúdú tó ń dá gbé ilé kejì, ló rí wa. Ó pariwo sí Adéwálé, ọkọ mi, pé kó ṣí gbogbo fèrèsé, kó sì da iyanrìn lé iná náà. Ọjọ́ méjì la fi wà nílé rẹ̀, tí à ń jẹ oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ dúpẹ́, ó ní nọ́ọ̀sì ọmọ Nàìjíríà kan ló tọ́jú ìyàwó òun títí ó fi kú, ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá ẹni tí òun máa san oore náà fún.

Nígbà tí yìnyín yọ́, ẹni tó ń gbá ṣímínì gun òkè, ó kó ìtẹ́ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ àtijọ́ kún garawa. Ó ní ṣímínì wa kò ní ọmọrí, ẹyẹ àti òjò ń wọ̀ ọ́ bó ṣe wù wọ́n. A lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Adéwálé fẹ́ èyí tí wọ́n fi bàbà ṣe, nítorí ó ń dán. Èmi mú onípáànù, nítorí ó fúyẹ́. A jiyàn títí olùtajà fi ń wò wá, ni mo bá ní kí n kúkú pe yín.

Ẹ̀rù ìpè yẹn bà mí. Láti ìgbà tí ẹ ti ṣubú lórí òrùlé n'Ísẹ́yìn, tí ẹ kò lè gun àkàbà mọ́, Màámi ní ẹ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu ba iṣẹ́ káfíńtà létí yín. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kọjú kámẹ́rà fóònù sí àwọn ọmọrí yẹn kí ẹ lè rí wọn, ẹ ní kí n sún mọ́ wọn. Ẹ bi wá bí ẹnu ihò náà ṣe fẹ̀ tó. Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n nínú wa! Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ṣé báyìí la ṣe ń ra fìlà fún orí tí a ò rí. Ẹ ní kí a fi bàbà sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ṣe fáàrí, pé èéfín àti òjò á sì jẹ páànù yẹn tán; kí a ra irin tí kì í dípẹtà, kó ní àwọ̀n tí ẹyẹ ò lè gbà kọjá, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ kò há jù fún èéfín. Adéwálé ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé.

Màámi sọ fún mi pé lọ́jọ́ kejì ẹ gbé àpótí irinṣẹ́ yín jáde, ẹ ń nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé òrùlé Amẹ́ríkà kan wà lọ́wọ́ yín. Inú ọkọ̀ ni mo wà níwájú ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo sì sunkún. Ìlú yìí máa ń mú kí èèyàn dá wà, Bàbá. Mo ti ń rò pé ohun tí mo bá fi ránṣẹ́ nìkan ni mo ṣì lè fi jẹ́ ọmọ yín. Mi ò mọ̀ pé mo ṣì lè ní kí ẹ wá ṣe bàbá fún mi.

Wọ́n ti de ọmọrí náà ní Sátidé. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ sì pè kíá pé síkúrù ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kò wọlé tán. Adéwálé ní kò ṣeé ṣe kí ẹ rí ìyẹn láti Ìsẹ́yìn. Ẹni tó de é tún gun òkè, ó bá síkúrù náà bí ẹ ṣe wí, ó yí i wọlé, ó sì sọ̀kalẹ̀. Ó bi mí pé ta ni ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ yìí. Mo ní bàbá mi ni.

Ojú yín kò ní ṣe bàìbàì, ẹ ó jẹ èrè ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ kí ẹ̀gbọ́n mi Fúnmiláyọ̀ àti gbogbo ará ilé lápapọ̀. Mísítà Kọ́tìsì náà ní kí n kí yín.

Èmi ni ọmọ yín tó ń dúpẹ́,
Olúwatóyìn